Káàdì tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta fún kọ̀ǹpútà kan

Ìparí oṣù kẹrin ọdún 2017 ni màmá kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́mẹ́kùn, ní Àkúrẹ́. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ẹnjiníà, wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n máa kú lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà. Kọ̀ǹpútà mi ńkọ́?"

Mo mọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń wí. Èmi ni mo ti ń tún un ṣe láti bí ọdún márùn-ún: Pentium 4 kan báyìí tí fáànù rẹ̀ ń ké bí ẹ̀rọ ata, tí káàdì tẹlifíṣọ̀n wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni Màmá ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó di alágbàtà ìpolówó. Oníṣòwò á kó owó wá, wọn á bá a gba àyè lórí tẹlifíṣọ̀n, wọn á yọ tiwọn níbẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ náà ti le ni pé ìdajì owó ni oníṣòwò máa ń san sílẹ̀. Ìdajì tó kù, ó di ìgbà tó bá rí i dájú pé ìpolówó òun jáde. Ẹni tí kò sì sí nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, tàbí tí iná lọ ládùúgbò rẹ̀, "n ò rí i" ló máa wí. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi ń gba ohun tó wà lórí ìkànnì sílẹ̀ láti aago méje sí mẹ́sàn-án lálaalẹ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, Màmá á gé ibi tí ìpolówó wà, wọn á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, owó á wọlé.

Káàdì tí mò ń sọ yìí, bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ kan ni, tí a ń kì bọ ihò mọ́dábọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù àgbà inú kọ̀ǹpútà. Okùn ẹ́ríà á wọ ẹ̀yìn rẹ̀, àwòrán á jáde lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yà Bt878 ti ilé-iṣẹ́ Brooktree, ìyẹn ṣíìpù tó ń darí káàdì, ló wà lórí ti Màmá, ihò PCI funfun ló sì jókòó sí. Ánálọ́ọ̀gù pọ́ńbélé ni, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Kò mọ nǹkan kan nípa díjítà, ọ̀nà tuntun.

Ọjọ́ tí Màmá ń bẹ̀rù kì í ṣe àhesọ. Ọdún 2006 ni àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Geneva, lábẹ́ ITU, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ìgbì rédíò àti ìbánisọ̀rọ̀, pé tó bá fi máa di 17 oṣù kẹfà ọdún 2015, kí tẹlifíṣọ̀n ánálọ́ọ̀gù ti kúrò lójú ọ̀nà UHF, ọ̀kan nínú ojú ọ̀nà ìgbì tí tẹlifíṣọ̀n ń lò. Nàìjíríà ò bá a. Wọ́n wá sún un sí ọjọ́ kan náà lọ́dún 2017. Rédíò ń pariwo rẹ̀, àwọn tó ń ta dẹ́kódà náà ń pariwo rẹ̀, ẹ̀rù sì ba àwọn ènìyàn.

Ohun tó yẹ kí n ṣe lọ́jọ́ yẹn ni kí n bi Màmá ní ìbéèrè méjì mẹ́ta kí n tó gba owó. N ò bi wọ́n ní ẹyọ kan. Mo ní, "Mọ̀mí, ẹ fọkàn balẹ̀, díjítà la máa rà." Mo pe ẹni tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìkẹjà, mo ní kó fi káàdì tẹlifíṣọ̀n díjítà ránṣẹ́. Ó ní ti USB ló wà ńlẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ààbọ̀ náírà. Ó dé páàkì lọ́jọ́ kejì.

Ó kéré. Kò ju ìka àárín lọ, wọ́n fi rìmóòtù tín-ń-tín kan sí i, àti ẹ́ríà kan tó rí bí abẹ́rẹ́ ìránpò tí wọ́n fi mágnẹ́ẹ̀tì sí nídìí. Lára páálí rẹ̀, wọ́n kọ DVB-T gàdàgbà, orúkọ ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n díjítà, wọ́n kọ "HD" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fi í sínú ihò USB, mo fi driver rẹ̀ sí kọ̀ǹpútà, ìyẹn software tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dá a mọ̀, mo ní kó wá ìkànnì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 474 MHz, ó ń gorí lọ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé 858. Òdo ló mú wá. Mo tún un ṣe. Òdo.

Ẹ́ríà ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Èmi àti ọmọṣẹ́ mi gun òrùlé Màmá, a so okùn tuntun mọ́ ẹ́ríà UHF tó wà lórí òpó, a yí i sí apá ibi gbogbo bí ẹni ń wá aláṣẹ̀ṣẹ̀yọ oṣù. Mo lo odidi ọjọ́ méjì lórí rẹ̀. Ẹnì kan tó ń ta nǹkan nítòsí ní ká ra "ẹ́ríà díjítà" lọ́wọ́ òun. Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Irin ni ẹ́ríà, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ánálọ́ọ̀gù àti díjítà. Bí ojú ọ̀nà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ bá ti bá ìwọ̀n rẹ̀ mu, á gbé e.

Lọ́jọ́ kejì yẹn, orí àkàbà ni mo wà nígbà tí ọmọṣẹ́ mi gbójú sókè sí mi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, kò tíì ju oṣù mẹ́jọ lọ lọ́dọ̀ mi.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ta ló ń fi díjítà ránṣẹ́ ní Àkúrẹ́ tí a fi ń wá a?"

N ò dá a lóhùn. Mo sọ̀ kalẹ̀.

Ìbéèrè yẹn ló yí ọ̀rọ̀ náà padà, ó sì dùn mí pé èmi kọ́ ni mo bi í. Jos ni wọ́n ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ díjítà ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà, ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2016. Abuja ló tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ọjọ́ tí wọ́n dá pé, Àkúrẹ́ ò tíì sí nínú rẹ̀ rárá. Ẹja là ń fi ìwọ̀ wá nínú odò tí kò tíì lómi.

Mo wá padà ka páálí yẹn bó ṣe yẹ kí n ti kà á látilẹ̀. Ẹ̀yà RTL2832U ló wà nínú rẹ̀, DVB-T nìkan ló sì gbọ́. DVB-T2 ni Nàìjíríà yàn. Nọ́ńbà kan péré ló wà láàárín orúkọ méjèèjì, ó sì máa ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé ọ̀kan jẹ́ ẹ̀yà tó dára díẹ̀ ju èkejì lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tí T2 ń gbà di ọ̀rọ̀ sínú ìgbì yàtọ̀, èyí tó gbọ́ T nìkan kò lè tú u, bí sígínà rẹ̀ tilẹ̀ lágbára tó bí iná mànàmáná. T2 ń gbé ẹrù púpọ̀ lórí ojú ọ̀nà kan: nínú àyè 8 MHz, T kì í kọjá nǹkan bíi mílíọ̀nù bíìtì 31 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, T2 sì lè dé bíi 50. Èyí tó gbọ́ T2 sábà máa ń gbọ́ T náà, nítorí náà kò sí ìdí kankan tí ẹnikẹ́ni fi máa ra T nìkan ní ilẹ̀ yìí. Èmi rà á.

(Kò ṣòfò tán o. Irú ẹ̀yà yẹn lè gbọ́ rédíò FM. Mo gbé Adaba 88.9 sí i ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń dún ketekete. Rédíò ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ààbọ̀.)

Mo lọ bá Màmá, mo jẹ́wọ́. Mo ní àṣìṣe tèmi ni, mo máa ra èyí tó tọ́ lówó ara mi. Wọ́n wò mí títí. "Ẹnjiníà, ṣé o mọ iṣẹ́ yìí ṣá?" Mo dọ̀bálẹ̀.

Èkejì dé ní oṣù karùn-ún. T2 ni lóòótọ́, mo kàn sí ẹni tó tà á kó ya ẹ̀yìn páálí rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n tó sanwó. A fi í sínú ihò USB, a ní kó wá ìkànnì, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: ọ̀kan, mẹ́ta, mẹ́wàá, wọ́n kún ojú kọ̀ǹpútà. Màmá pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní, "Olúwa ṣeun!" Wọ́n tẹ àkọ́kọ́. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Wọ́n tẹ ìkejì, ó dúdú. Wọ́n tẹ gbogbo rẹ̀ tán lọ́kọ̀ọ̀kan, ìka wọn ń lọ jẹ́jẹ́ lórí mọ́ọ̀sì, wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn onísanwó la gbé. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi GOtv ti ń lo T2 ṣáájú kí ètò ọ̀fẹ́ ìjọba tó bẹ̀rẹ̀, ìgbì wọn sì wà lójú ọ̀run Àkúrẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní T2 lè gbé ìgbì wọn, ó lè ka orúkọ ìkànnì, àmọ́ wọ́n ti fi àgádágodo sí àwòrán àti ohùn. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú dẹ́kódà wọn, kò sí nínú káàdì tí a rà lọ́jà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ní software tó máa ṣí i, ẹ yẹra fún un. Olè ni, ó sì máa ń kó kòkòrò wọ inú kọ̀ǹpútà.

Màmá bi mí pé ṣé mo ti wá rí ohun tí mò ń ṣe báyìí. Mo ní mo ti rí ohun tí n kò gbọdọ̀ ṣe. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe ní oṣù kẹrin. Mo jókòó tì wọ́n, mo béèrè. Ìkànnì mélòó ni ìpolówó yín ń jáde lórí rẹ̀? Méjì. Èwo ni wọ́n, báwo lẹ sì ṣe ń rí wọn nílé? Ọ̀kan, ẹ́ríà orí òpó ló ń gbé e, yìnyín díẹ̀díẹ̀ wà lára àwòrán rẹ̀. Èkejì ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ lórí ẹ́ríà, àmọ́ ó wà nínú dẹ́kódà onísanwó tí ọmọ wọn rà fún wọn ní pálọ̀. Ta ló ń wo ohun tí ẹ gbà sílẹ̀? Oníṣòwò ni, lórí fóònù. Ṣé ó gbọ́dọ̀ mọ́ kedere bíi dígí? "Rárá o. Kó ṣáà rí ojú ara rẹ̀, kó rí àkókò."

Ìdáhùn yìí tú gbogbo nǹkan. Kì í ṣe àwòrán tó mọ́ ni Màmá nílò, ẹ̀rí ni wọ́n nílò. Ìkànnì àkọ́kọ́ ṣì ń jáde lórí ánálọ́ọ̀gù, káàdì àtijọ́ sì ń gbé e láìsí ìyọnu. Fún irú iṣẹ́ yìí, ánálọ́ọ̀gù tilẹ̀ ní àǹfààní kan: tí sígínà bá rẹlẹ̀, yìnyín á kàn bo àwòrán, a ṣì máa mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Díjítà kì í rọra kú. Á mọ́ kedere, á mọ́ kedere, lẹ́yìn náà á fọ́ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ohùn á gé, ó parí. Bó bá fọ́ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá tí ìpolówó ń lọ, ẹ̀rí ti sọnù nìyẹn.

Ó wá ku ìkànnì kejì. Mo lọ sí pálọ̀, mo yí dẹ́kódà síwá sẹ́yìn. Ihò mẹ́ta wà lẹ́yìn rẹ̀: ìyeyè, pupa, funfun. Mo dìde, mo lọ tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Lára káàdì Bt878 yẹn, lábẹ́ ihò ẹ́ríà tí eruku ti bò, ihò ìyeyè kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù nù ún. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, nínú apò ṣòkòtò ló wà.

A gbé dẹ́kódà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. A fa okùn ìyeyè láti ọ̀kan sí èkejì. Nínú software, mo yí orísun kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n sí Composite, ìyẹn ihò ìyeyè náà, mo yan PAL, irú àwòrán tí tẹlifíṣọ̀n ánálọ́ọ̀gù ilẹ̀ wa ń lò. Àwòrán yọ. Dẹ́kódà ló ń tú àgádágodo, bí wọ́n ṣe sanwó fún un láti ṣe. Káàdì kàn ń gba àwòrán tó ti jáde tán ni. Kò nílò kó mọ̀ bóyá T ni tàbí T2, òní tàbí ọ̀la. HDMI, ihò àwòrán ti òde òní, ò lè rí bẹ́ẹ̀. Ihò HDMI dẹ́kódà onísanwó sábà máa ń ní ìdáàbòbò tí wọ́n ń pè ní HDCP, ẹ̀rọ tó fẹ́ gba nǹkan sílẹ̀ lórí rẹ̀ á kàn rí òkùnkùn ni. Okùn aláwọ̀ mẹ́ta tí gbogbo ènìyàn ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ló ṣiṣẹ́ fún wa.

Ìgbà tí a kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀, kò sí ohùn. Oníròyìn ń la ẹnu bí ẹja. Ọ̀pọ̀ káàdì àtijọ́ báyẹn kì í fi ohùn ránṣẹ́ gba inú mọ́dábọ́ọ̀dù. Okùn kúkúrú kan ló gbọ́dọ̀ so ó mọ́ ihò ohùn kọ̀ǹpútà, ihò aláwọ̀ búlúù. Fún ti dẹ́kódà, a fa pupa àti funfun lọ síbẹ̀ tààrà. Náírà díẹ̀ ni okùn yẹn, àmọ́ ó gba wákàtí kan lọ́wọ́ mi kí n tó rántí rẹ̀.

Ìṣòro kan ṣì kù: káàdì kan ò lè gba ìkànnì méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ìròyìn ìkànnì méjèèjì sì ń bọ́ sí àkókò kan náà. Nítorí náà mo ra ẹ̀rọ USB kékeré tó ní ihò AV nìkan, ìyẹn ti okùn aláwọ̀ mẹ́ta yẹn, tí kò ní tẹlifíṣọ̀n nínú rárá, mo fi dẹ́kódà àti ohùn rẹ̀ sí i, mo sì dá káàdì àtijọ́ padà sórí ẹ́ríà. Tí a bá gbà á ní bíi mílíọ̀nù bíìtì mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá, wákàtí kan ò ju 1.8 GB lọ. Wákàtí méjì fún ìkànnì méjì jẹ́ 7.2 GB lálẹ́ kan. Dísìkì 500 GB gba oṣù méjì kọjá kó tó di pé à ń pa ti àtijọ́ rẹ́. Mo tún yí ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú rẹ̀ láti AVI sí MPEG-2, torí ìparí fáìlì AVI ni atọ́ka rẹ̀, èyí tó ń sọ ibi tí àwòrán kọ̀ọ̀kan wà, máa ń wà. Bí iná bá lọ kí ó tó parí, fáìlì á bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Gbogbo ẹni tó ń gbé Àkúrẹ́ mọ bí iná ṣe máa ń lọ.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹfà dé. Màmá pè mí ní aago méje àárọ̀. "Ẹnjiníà, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ o." Ánálọ́ọ̀gù ò kú. Ọjọ́ náà kọjá bí ọjọ́ mìíràn.

Mo rò pé a ti bọ́. Ní oṣù keje, alágbo kan láti ìlú Oǹdó ní òun jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ Ọjọ́rú, òun ò rí ìpolówó òun. Màmá fi ẹ̀rí ránṣẹ́ sí i. Ọkùnrin náà pè padà, ẹ̀rín ni ó ń rín. "Màmá, ẹ wo ọjọ́ tí ẹ kọ síbẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2002. Agbo tèmi ò tíì dáyé nígbà yẹn!"

Bátìrì mọ́dábọ́ọ̀dù ni, CR2032 pẹlẹbẹ tó rí bíi kọ́bọ̀. Ó ti kú. Ìgbàkígbà tí iná bá lọ, aago kọ̀ǹpútà á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, fáìlì á sì gba ọjọ́ tí aago bá sọ fún un. Mo ti pààrọ̀ káàdì lẹ́ẹ̀mẹta, n ò wo bátìrì lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí mo rò pé ó kéré jù ló fẹ́ bà wá jẹ́ lójú oníṣòwò.

Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo so kọ̀ǹpútà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kó máa tún aago ara rẹ̀ ṣe. Ìgbà tí mo wá padà wo ohun tí a gbà lálẹ́ Ọjọ́rú yẹn, mo rí i pé nǹkan mìíràn ń sọ àkókò níbẹ̀: aago ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ wà ní igun àwòrán nígbà ìròyìn. Mo sọ fún Màmá pé kí wọ́n má gé ìpolówó nìkan mọ́, kí wọ́n fi ìṣẹ́jú kan ṣáájú rẹ̀ àti ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn rẹ̀ sí i, kí aago yẹn lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ oníròyìn àti àkọlé ìròyìn ọjọ́ náà.

Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá béèrè káàdì tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ mi, n kì í sọ orúkọ káàdì mọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni ìgbì tó wà lórí òrùlé rẹ̀ lónìí, kì í ṣe èyí tí rédíò ní ó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni mò ń béèrè bóyá ọ̀fẹ́ ni tàbí onísanwó. Tó bá jẹ́ onísanwó, mo ti mọ̀ pé ihò AV la máa lò, ọ̀rọ̀ T àti T2 ti kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀bùn tí ẹbí fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, mo máa ń sọ fún un kó tó tú u pé ATSC ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, kò ní gbọ́ tiwa. Mo sì ń ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wò ní tòótọ́: ihò PCI àtijọ́ gùn, PCI Express kékeré kúrú, ọ̀kan ò wọ inú èkejì, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun ò sì ní PCI àtijọ́ mọ́. Tí Windows rẹ̀ bá jẹ́ 64-bit, mo ń wá driver kí n tó wá káàdì, torí kì í gba driver tí kò ní ìfọwọ́sí. Bátìrì CR2032, n kì í béèrè nípa rẹ̀. Mo kàn ń pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Káàdì T2 tí mo ra lówó ara mi, Màmá ní kí n fi sílẹ̀. Wọ́n fi náílọ́ọ̀nù wé e, wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí owó, wọ́n ní ọjọ́ kan á wúlò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018 tí Òṣogbo bẹ̀rẹ̀ díjítà ọ̀fẹ́, wọ́n pè mí bóyá kí a gbé e jáde. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó sùn.

Alágbo ará Oǹdó náà sanwó tán. Ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀ ni fáìlì tí Màmá wá fi ránṣẹ́ sí i, aago tẹlifíṣọ̀n wà ní igun rẹ̀, ọjọ́ náà wà lẹ́nu oníròyìn. Ó wò ó, ó pe ìyàwó rẹ̀ wá wò ó, ìyàwó sì ni ó rán an létí pé alẹ́ Ọjọ́rú yẹn, epo tán nínú jẹnẹrétọ̀ wọn ní aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀. Ó ní kí Màmá máa bá òun fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, òun ń fi hàn níwájú ilé ìtajà.